Awọ Fẹ́lẹ́ Ló Bo Inú

Ní ọjà àgbò tó wà ní Alaba Rago, ẹni tó bá gbọ́n kì í ra àgbò láì la ẹnu rẹ̀ wò. Oníbàárà á di ìwo àgbò mú, á fi àtàǹpàkò ká ètè rẹ̀, á wo eyín ìsàlẹ̀. Eyín ni yóò sọ ọjọ́ orí ẹran náà fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, á wo ojú méjèèjì, á fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ẹran wà lábẹ́ irun, á sì ní kí wọ́n jẹ́ kó rìn díẹ̀ kí òun lè mọ̀ bóyá ó ń tiro. Bí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àyẹ̀wò yìí á tún le sí i, nítorí pé ẹran tó fọ́jú, èyí tó ń ṣàìsàn, èyí tó ń tiro àti èyí tó rù kan eegun kò ṣe é pa fún ọdún. Àlájì tó ni àgbò kì í bínú sí gbogbo èyí. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun fúnra rẹ̀ ló ń la ẹnu ẹran kí oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ń so àwọn àgbò wọ̀nyí mọ́. Àga mọ́tò ni mò ń ṣe. Bí awọ àga bá ya, bí ti pátákó inú ilẹ̀kùn bá ká, bí ti dáṣíbọ́ọ̀dù bá sún kì, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni wọ́n ń gbé e wá bá. Bí ẹ bá ní kí n sọ iṣẹ́ mi ní gbólóhùn kan, n óò ní: mò ń mú kí ohun tó ti gbó dà bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Gbólóhùn yìí gan-an ló ń dà mí láàmú. Aládùúgbò mi ń la ẹnu ẹran kí ayé lè rí ọjọ́ orí rẹ̀. Èmi ń gbowó láti fi awọ bo ọjọ́ orí ọkọ̀. Àwọn àgbà ní awọ fẹ́lẹ́ ló bo inú, kò jẹ́ ká rí ikùn aṣebi. Ṣé èmi wá ni mò ń rán awọ náà? Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nínú àròkọ yìí nìyí: nígbà wo ni àtúnṣe ń di irọ́?

Ẹni tí kò bá mọ àdúgbò wa lè rò pé Alaba International, níbi tí wọ́n ti ń ta tẹlifíṣọ̀n àti rédíò, ni mò ń sọ. Ọjà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìhà Òjó ni àwọn méjèèjì wà. Rago ni àwọn Hausa ń pe àgbò, àwọn ló sì sọ ọjà tiwa lórúkọ. Ó wà lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Ẹ óò rí ẹ̀wà, àlùbọ́sà, irin àlòkù àti oríṣiríṣi ẹrù tí ẹlòmíràn ti lò tì níbẹ̀. Lójú títì kan náà ni ibùdókọ̀ tí àwọn kọ̀ńdọ́ ṣì ń ké pè ní Volkswagen wà, nítorí pé ìhà ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ jọ ní ọdún 1975. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń to ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn rọ̀bọ̀tọ̀ nì, tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá. Nígbà tó di ẹ̀wádún 1990, àwọn ará Jámánì kógbá wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni àdúgbò tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ tuntun ṣe wá di àdúgbò tí à ń sọ àlòkù dọ̀tun.

Kí n tó dẹ́bi fún ara mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà iṣẹ́ yìí, nítorí ó yẹ fún ìgbèjà. Kò sí ohun tí a ń lò tí kì í gbó, ọkọ̀ olówó ńlá tí wọ́n ṣe fún eré sísá kò sì yàtọ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ kò lè gòkè wọlé bí ẹni tó ń wọ jíìpù. Ńṣe ni yóò jókòó lé etí àga, tí yóò sì wọ́ ara rẹ̀ wọlé. Nítorí náà, etí àga awakọ̀ tó kọjú sí ilẹ̀kùn ló ń kọ́kọ́ gbó. Bẹ́líìtì, sòkòtò àti kọ́kọ́rọ́ inú àpò á máa ha á lójoojúmọ́, títí àwọ̀ rẹ̀ á fi ṣí, tí awọ á sì sán bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oòrùn Èkó á gba ojú gíláàsì wọlé, á fa òróró inú awọ dáṣíbọ́ọ̀dù gbẹ. Awọ á sún kì, á sì ká kúrò lára ohun tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Òógùn àtẹ́lẹwọ́ á mú ara sítíárìn dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á.

Bí awọ kò bá tíì ya, a lè fọ̀ ọ́, ká dí ojú tó sán, ká sì fi àwọ̀ rẹ̀ kùn ún. Bó bá ti ya, iṣẹ́ ńlá dé. A ó tú àga kúrò nínú ọkọ̀, a ó gé àwọn òrùka wáyà kéékèèké tó so awọ mọ́ fóòmù, a ó sì fi abẹ tú ojú rírán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àwọn awẹ́ awọ àtijọ́ ni yóò jẹ́ ìwọ̀n fún tuntun. A ó kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn awẹ́ kọ̀ọ̀kan, a ó tẹ́ ẹ lé awọ tuntun, a ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà yí i ká, a ó gé e. Ibi tí awọ méjì yóò ti pàdé, a ó fi ọ̀bẹ fá ẹ̀yìn rẹ̀ kó fẹ́lẹ́, kí ojú rírán má baà wú. Ibi tí fóòmù bá ti jẹ, a ó dí i. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni maṣíìnì á tó sọ̀rọ̀. Ti ilẹ̀kùn àti dáṣíbọ́ọ̀dù tún le ju ti àga lọ: gọ́ọ̀mù ni, àti ooru, àti ọwọ́ tó ń fa awọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wọ gbogbo kọ̀rọ̀ láì wúnjọ.

Ta ni mo purọ́ fún nínú gbogbo èyí? Ẹni tó kun ilé rẹ̀ nígbà ọdún kò purọ́ fún àlejò. Ìyá tó pa láàlì, tó sì di irun fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kò fi ọjọ́ orí rẹ̀ tan ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá gbé e wá fúnra rẹ̀, tó mọ ohun tó bàjẹ́, tó sì mọ ohun tí mo ṣe sí i, iṣẹ́ mi kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń to eegun. Mo tilẹ̀ gbà pé ìwà rere kan wà nínú àtúnṣe. Ó ń kọ́ wa pé ohun tó gbó kò tíì di ohun tí à ń jù sí ààtàn.

Ìyọnu bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹni tó gbé ọkọ̀ wá kì í ti í ṣe ẹni tí yóò jókòó nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, ọkùnrin kan tó ń ta tòkúnbọ̀ gbé Porsche 911 kan wá fún ọ̀gá mi, ọkọ̀ ọdún 2008. Inú mi dùn láti fọwọ́ kàn án. Ferdinand Porsche tó ya àwòrán Ìjàpá ni baba ẹni tó gbé ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé wọn jáde ní ọdún 1948, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì 911 sì wà títí dòní, bíi ti Ìjàpá. Lójú mi lọ́jọ́ náà, ọmọ Ìjàpá ló padà wá kí wa ní Òjó.

Ọ̀gá mi ní kí n tú àwọn àga náà. Mo yọ orí bátìrì, mo ní sùúrù díẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ mi, nítorí pé àpò afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní airbag wà nínú ẹ̀gbẹ́ àga irú ọkọ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo fi sípánà sí nọ́ọ̀tì ìdí àga. Ó ti dógùn-ún. Èyí tó tẹ̀ lé e ti dógùn-ún. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, mo sì bá ẹrẹ̀ gbígbẹ tó kúnná bí àtíkè lábẹ́ rẹ̀. Ilà kan là ara fóòmù àga kọjá, bí ilà tí tíì máa ń fi sí ara ife. Orí àwọn wáyà tó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kọjá ti yọ èéhù aláwọ̀ ewé. Kò sí ẹni tó nílò láti ṣàlàyé fún mi. Omi ti wọ ọkọ̀ yìí dé ìdí àga níbi tó ti wá. Wọ́n gbẹ ẹ́, wọ́n nù ún, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ ní Èkó.

Mo pe ọ̀gá mi. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, “Awọ ni wọ́n ní ká ṣe.” Ẹni tó gbé ọkọ̀ wá ní ká pààrọ̀ fóòmù pẹ̀lú, ká fi kápẹ́ẹ̀tì tuntun síbẹ̀, ká sì wá lọ́fínńdà tó ń rùn bí awọ tuntun wọ́n sí i. Ó fi owó lé owó. Èmi ni mo ran àga méjèèjì. Ká sọ òótọ́, n kò tíì ran ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí kí ọjọ́ náà tó dé. Ojú rírán tọ́ gbọọrọ bí ojú irin rélùwéè. Òwú tó nípọn jù lọ nínú ìsọ̀ ni mo fi rán an yíká-yíká, kí ó má baà já láéláé.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, bọ̀dá kan wa ọkọ̀ náà wá láti Okokomaiko. Ọjà ló ń tà ní Alaba International, ó sì sọ fún wa pé láti kékeré ni òun ti ń fojú sọ́nà fún irú ọkọ̀ yìí. Awọ ilẹ̀kùn kan ló ṣí, ẹnì kan sì júwe wa fún un. Bí mo ti ń lẹ̀ ẹ́, ó ń rojọ́ ọkọ̀ fún mi. Iná ń tàn fúnra rẹ̀. Gíláàsì kì í gòkè mọ́. Ọkọ̀ a máa kú sójú ọ̀nà lóru. Ó ti ná owó fún àwọn tó ń ṣe wáyà títí ó ti sú u. Ló bá fọwọ́ pa orí àga, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àbúrò, nínú gbogbo ọkọ̀ yìí, àga yìí nìkan ni kò tíì já mi kulẹ̀.”

Kò sí ìyìn tó tíì gún mi bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n fi tàn án gan-an ló ń yìn. Mo ní, “Ẹ ṣeun, bọ̀dá.” Mo lẹ ilẹ̀kùn rẹ̀, mo gba owó rẹ̀. N kò sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn tí mo ti gba òmìnira, tí mo dá dúró, ni mo wá kọ́ ohun tí n kò mọ̀ nígbà yẹn. Nínú àga tí airbag wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rírán kan wà tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó má lágbára. Bí ọkọ̀ mìíràn bá kọ lu ilẹ̀kùn, kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, àpò afẹ́fẹ́ náà gbọ́dọ̀ ya ojú rírán yẹn jáde, kó sì wà láàárín ilẹ̀kùn àti ìhà ẹni tó jókòó. Bí ojú rírán bá kọ̀ tí kò ya, àpò lè má jáde lásìkò, tàbí kó gba ibi tí kò yẹ jáde. Èmi sì ti fi òwú tó nípọn jù lọ nínú ìsọ̀ rán an. Ibi tí mo fi ń yangàn nínú iṣẹ́ náà ni ibi tó lè pa ènìyàn.

Ọjọ́ mélòó kan ni n kò rí oorun sùn. Nígbẹ̀yìn, mo wá bọ̀dá náà lọ sí Alaba International, mo ń bi àwọn ènìyàn léèrè ẹni tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, títí mo fi rí i. Mo sọ ti ojú rírán fún un. Nígbà tí mo sì ti bẹ̀rẹ̀, mo sọ ti omi pẹ̀lú. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, “Lọ́jọ́ tí mò ń yin àga yẹn, ṣé o mọ̀?”

Mo ní, “Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n.”

Ó ní, “O sì gba owó ilẹ̀kùn lọ́wọ́ mi.”

Ó gbé ọkọ̀ wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo tú ẹ̀gbẹ́ àga méjèèjì, mo sì tún wọn rán pẹ̀lú irú òwú tó yẹ. N kò gba kọ́bọ̀. Orí ìdúró ló wà títí mo fi parí. Kò dúpẹ́, kò sì yẹ kó dúpẹ́. N kò tún fojú kàn án mọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá ara mi jiyàn. Àwíjàre mẹ́ta ni mo ní, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ló ní irú wọn.

Èkíní ni ti ọ̀gá mi: awọ ni wọ́n ní ká ṣe. Èmi kọ́ ni mo ta ọkọ̀. N kò purọ́ lẹ́nu fún ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Àmọ́ kò sí bí ọkùnrin yẹn ìbá ti ṣe ta ọkọ̀ náà ní iye tó tà á láìsí ọwọ́ mi. Ohun tí ẹnu rẹ̀ kò ní láti sọ, awọ tí mo ran ló bá a sọ ọ́. Àwọn àgbà ti dá ẹjọ́ yìí kí wọ́n tó bí mi: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, tí ọdún 2018, kò fàyè gba kí oníṣòwò sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ nípa ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà ni òfin máa ń wò. Ta ni yóò wá wo ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó tẹ orí ba sídìí maṣíìnì? Ibi tí ojú òfin kò dé, ibẹ̀ ni ẹ̀rí ọkàn ti ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Èkejì ni pé ojú oníbàárà ló yẹ kó là. Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 44 kí wọ́n tó bí Jésù, Cicero, ará Róòmù, kọ ìwé kan sí ọmọ rẹ̀ lórí ohun tó tọ́ láti ṣe. Ó sọ nípa ẹnì kan tó fẹ́ ta ilé tí igi rẹ̀ ti jẹrà, tí ejò sì ń jáde nínú yàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n tí òun nìkan mọ̀. Ó ní ọ̀mọ̀ràn kan, Diogenes ará Bábílónì, gbà pé ẹni tó ń tà kò jẹ̀bi bó bá dákẹ́, níwọ̀n ìgbà tí kò ti fipá mú ẹnikẹ́ni rà. Antipater, ọmọ ẹ̀yìn Diogenes fúnra rẹ̀, kò gbà. Cicero gbè sẹ́yìn ọmọ ẹ̀yìn. Lójú rẹ̀, kì í ṣe gbogbo dídákẹ́ ni ìfarapamọ́. Ìfarapamọ́ ni kí o mọ ohun tí yóò ṣe ẹlòmíràn láǹfààní láti mọ̀, kí o sì fẹ́ kó má mọ̀ ọ́n nítorí èrè tìrẹ.

Àwọn Àlájì tó ń ta ọkà ní ọjà wa kò nílò Cicero láti mọ èyí. Wọ́n mọ ìtàn Ànábì Muhammad, pé ó kọjá lọ́dọ̀ ẹnì kan tó kó oúnjẹ jọ láti tà, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ohun tútù. Ẹni náà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé òjò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Omi tó wọ inú Porsche yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Fífi gbígbẹ bo tútù ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ sì wò ó dáadáa: ẹni tó ń ra àgbò lè la ojú rẹ̀ nítorí pé àgbò ní ẹnu tó ṣe é là. Bí mo bá ti fi awọ tuntun, fóòmù tuntun àti kápẹ́ẹ̀tì tuntun dí gbogbo ibi tí òótọ́ lè gbà yọjú, tí mo wá ní kí oníbàárà la ojú rẹ̀, mo ti rán ẹnu àgbò pa kí n tó ní kó wo eyín.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù lọ, nítorí pé inú ikùn ló ti ń sọ̀rọ̀: bí n kò bá ṣe é, ẹlòmíràn á ṣe é, olówó sì ni ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ẹni tó bá mọ owó ìsọ̀ àti owó epo jẹnẹrétọ̀ kò ní fi èyí rẹ́rìn-ín. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ṣùgbọ́n olówó kì í wa ọkọ̀ kan títí láé. Bó bá sú u, á tà á fún ẹni tó rọra lówó. Ẹni yẹn á tà á fún ẹni tó yá owó. Irọ́ tí a rán sínú àga á máa bá ọkọ̀ lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, apá ibi tí kò sí owó àtúnṣe ló sì ń forí lé. Bẹ́ẹ̀ ni airbag kì í béèrè iye tó wà ní báńkì ẹni tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó lè jẹ́ ọmọ ọdún méje.

Ẹnì kan lè bi mí pé: bí ọjà bá dára ńkọ́, tí orúkọ nìkan ni kì í ṣe òótọ́? Ìtàn awọ fúnra rẹ̀ dáhùn èyí. Kí ọkọ̀ tó dé ayé, àwọn tó ń ṣe awọ ní Kánò àti Sókótó ti ń fi èso igi bagaruwa sọ awọ ewúrẹ́ pupa di ohun tó rọ̀, tó sì lágbára. Nígbà tí Heinrich Barth, ará Jámánì, dé Kánò ní ọdún 1851, ó bá òwò awọ níbẹ̀. Ràkúnmí ló ń gbé e la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Àwọn ará Yúróòpù rà á ní àríwá Áfíríkà, wọ́n sì sọ ọ́ ní awọ Mòrókò, nítorí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ wọn ti tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó rà á kò pàdánù. Awọ gidi ló rà. Ẹni tó ṣe é ló pàdánù, nítorí pé orúkọ rẹ̀ sọnù sínú iyanrìn. Lónìí, púpọ̀ nínú awọ màlúù tiwa ń parí sínú ọbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi pọ̀nmọ́, a sì ń ra lẹ́dà àtọwọ́dá láti òkèèrè. Àwọn kan ń fi lẹ́dà yìí bo àga, wọ́n ń pè é ní ojúlówó awọ. Lẹ́dà tó dára kì í ṣe ohun ìtìjú. Mo ń lò ó fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Orúkọ tí wọ́n fi bò ó ló ń sọ ọ́ di irọ́. Bí irọ́ kò bá pa ẹni tó ń rà lára, ẹ wò yíká, ẹ óò rí ẹni mìíràn tó ṣe lọ́ṣẹ́.

Nítorí náà, òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni mo wá ń lò báyìí. Kí n tó gé awọ, mo ń bi ara mi pé: ǹjẹ́ mo lè ṣàlàyé gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí fún ẹni tí yóò jókòó lórí rẹ̀, kó sì ṣì fẹ́ ẹ? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àtúnṣe ni. Bó bá jẹ́ pé ẹnu mi gbọ́dọ̀ pa kí iṣẹ́ mi tó lè níye lórí, irọ́ ni, bó ti wù kí ojú rírán tọ́ tó.

Mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbé ọkọ̀ àtàtà wá pé bí ẹni tó fẹ́ rà á bá bi mí léèrè, n óò sọ ohun tí mo bá lábẹ́ àga. Àwọn kan ti kó ọkọ̀ wọn kúrò nítorí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì mọ ìsọ̀ tí wọ́n gbé e lọ. Mo tún ń fi tádàwà kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn awọ kí n tó bò ó: ọjọ́ tí mo ṣe é, ohun tí mo pààrọ̀, ohun tí mo rí. Mo mọ̀ pé èyí kò tó. Ọ̀rọ̀ abẹ́ awọ kò lè gba ẹni tó ń rà lónìí. Ẹni tó bá tú àga náà lọ́la nìkan ni yóò kà á. Síbẹ̀, ó ń ran èmi fúnra mi lọ́wọ́. Ó ṣòro fún ọwọ́ tó ti kọ òótọ́ sí ẹ̀yìn awọ láti fi irọ́ sí iwájú rẹ̀.

Nínú ọ̀kan lára àwọn àlọ́ tí wọ́n pa fún wa ní kékeré, Ìjàpá já bọ́ láti òkè, ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ yángá, wọ́n sì tò ó padà ní awẹ́ awẹ́. Baba ẹlẹ́tàn ni Ìjàpá nínú àlọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ojú ibi tí wọ́n ti tò ó ṣì hàn títí dòní, kò sì dí i lọ́wọ́ láti rìn. Irú àtúnṣe tí mo fẹ́ máa ṣe nìyẹn. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ yín wá bá mi ní Alaba Rago, n óò ran àga rẹ̀ kó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ẹnu rẹ̀ fún yín.